Ariwo Tí Julius Mú Kúrò

Ohun tí Julius Ọláyẹmí kórìíra jù láyé ni ariwo inú rédíò. Kì í ṣe ariwo àdúgbò o. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Akówonjo, láti àárọ̀ ló ti ń ké títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì dí i lọ́wọ́ rí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa ka ìròyìn nínú rédíò kí ṣììì kan máa wọ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ onítọ̀hún, ara Julius kò gbà á. Á tú rédíò náà palẹ̀, á wá ibi tí ṣììì ń gbà wọlé, kò sì ní jẹun títí yóò fi rí i. Bí ẹni tó ni rédíò bá ní, "Julius, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre, mo ṣáà ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ," á dá a lóhùn pé òun kò ní fi ọwọ́ òun tún nǹkan ṣe kó tún máa mí bí ológbò. Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá láti Dópẹ̀mú títí dé Ìpàjà. Iṣẹ́ yìí kan náà ló gba àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kéré tán, bí òun ṣe rí i nìyẹn, kò sì tíì sí ẹni tó lè bá a yí i padà.

Títí ni àbúrò náà, òun nìkan ló sì kù fún un. Bàbá wọn kú sí Ìdànrè nígbà tí Títí ṣì ń rákò. Ìyá wọn tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kó tó kú, ó fa ọwọ́ Títí lé Julius lọ́wọ́, kò sì sọ ju "Bá mi tọ́jú ẹ̀" lọ. Julius mú un wá sí Èkó, wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Dópẹ̀mú, ó sì fi í sí iléèwé. Títí ga, ó tinrín, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Nígbà tó wà ní kékeré, orúnkún a máa dùn ún, á wú, ìrora náà á sì ṣí lọ sí ọrùn ọwọ́. Ìyá Ràbíátù, onílé wọn, ní làkúrègbé ọmọdé ni, ó sì máa ń fi òrí pa á fún un. Nígbà tó yá, ìrora náà lọ. Ohun tó kù ni pé kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá jọ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á ní òun ń wo nǹkan. Julius mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ń wò. Ó kàn rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Olorì, ẹ máa bọ̀ o, kábíyèsí ń dúró." Títí á rẹ́rìn-ín, á gbé ẹsẹ̀.

Ọkùnrin Èkìtì kan wà tó ń kọ́ Títí ní bàọ́lọ́jì ní iléèwé wọn lójú ọ̀nà Ìpàjà. Tíṣà Báyọ̀dé ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé nǹkan sórí, kò sí ẹni tó máa gbádùn títí yóò fi sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́dún 1989, ọkàn ló gbé sórí. Ó ti sú u láti máa fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkàn sójú pátákó. Ó ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, báwo ni ènìyàn ṣe máa yà á kó dúró gbọin síbẹ̀, kí àwọn ọmọ sì ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ ọkàn ńlá tí wọ́n lè yí ká, tí iná á máa tàn níbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, tí yóò sì máa dún bí ọkàn gidi ṣe ń dún, kí wọ́n lè gbé e lọ síbi ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì àwọn iléèwé ní Ìkẹjà. Òun fúnra rẹ̀ kò lè fi ọ̀bẹ gbẹ́ pákò. Torí náà, ó lọ bẹ Matilda Ṣóbọ̀wálé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà níléèwé kan náà, ó sì ní kí Títí mú òun lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bí àwọn mẹ́ta ṣe pàdé nìyẹn: ẹni tó mọ ara ènìyàn, ẹni tó mọ igi, àti ẹni tó mọ wáyà. Ṣọ́ọ̀bù Julius ni wọ́n fi ṣe ibi ìpàdé. Lẹ́yìn iléèwé, Tíṣà á dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábíyá, Matilda á gbé òòlù àti ọ̀bẹ ìgbẹ́gi rẹ̀ dé nínú ike ìfọṣọ, Títí á ra ẹ̀pà, iyàn á bẹ̀rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, inú Julius kò tíì dùn tó báyẹn rí láti ìgbà tó ti dé Èkó. Ẹni tó jẹ́ pé rédíò ló máa ń bá sọ̀rọ̀ wá di ẹni tí tíṣà méjì ń béèrè èrò rẹ̀. Tíṣà Báyọ̀dé sọ ọ́ ní Injiníà, ó ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, kíá ló máa ń dáhùn.

Igi ọmọ̀ ni Matilda fi gbẹ́ ọkàn náà. Ó gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, ó tóbi tó àpò sìmẹ́ńtì, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ yọ lórí rẹ̀, ó sì dán débi pé àwọn tó ń wá tún rédíò ṣe kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ pa á kí wọ́n tó kí Julius. Obìnrin náà kì í gbẹ́ nǹkan látinú ìwé nìkan, ó gbọ́dọ̀ wo ẹlẹ́ran ara. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí Títí dìde dúró níwájú òun, ó sì tẹjú mọ́ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ènìyàn lè rí i tí aṣọ náà ń mì díẹ̀díẹ̀ níbi tí ọkàn ti ń lù ú. Matilda fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wò ó. Ibi tó ti ń lù jìnnà sí ibi tí ìwé yín wí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́ apá."

Tíṣà gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó wo àmì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, ọmọ yẹn ò dúró dáadáa ni. Ó ti gbé gbogbo ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìwé ṣe wí ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ."

Matilda gbọn ṣọ́ọ̀kì dànù lára aṣọ Títí, ó sì gbẹ́ ẹ bí ìwé ṣe wí. Iṣẹ́ Tíṣà ni bàọ́lọ́jì, kò sì fẹ́ du oníṣẹ́ níṣẹ́.

Nígbà tí igi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wá ku ohùn. Julius ti gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àlòkù kan kalẹ̀, ó ti kó àwọn gílóòbù pupa kéékèèké sínú ihò tí Matilda lu. Tíṣà yá ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ kan, Julius gé rọ́bà rẹ̀, ó sì ki maíkì kékeré bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọkàn ta ni wọ́n máa gbà sílẹ̀? Tíṣà kọ́kọ́ tú bọ́tìnnì tirẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ nípọn, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń lu tìmùtìmù ní ilé kejì. Matilda ní ẹnì kankan ò ní gbé maíkì sí òun láyà ní Akówonjo. Títí, tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń jẹ ẹ̀pà, ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tèmi."

Wọ́n bẹ Àjíṣafẹ́ tó ni ẹ̀rọ ìlọta pé kó dákun pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó pa á. Julius ti ilẹ̀kùn, Títí gbé maíkì sábẹ́ bùláósì rẹ̀, ohùn náà sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó lágbára, ó ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gúnyán. Tíṣà dìde dúró. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ni, òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ọkàn akọni ni Ọlọ́run fún ọmọ yìí. Orí Julius wú. Àbúrò rẹ̀ tí kò lè rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì délé láìdúró ni wọ́n ń pè ní akọni.

Ó ní kí Títí dá èémí dúró, ó sì gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó dá a padà tó ń tẹ́tí sí i ni ojú rẹ̀ tó yí padà. Ìwé Tíṣà ní kí-dì, kí-dì ni ọkàn máa ń lù. Ti Títí kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Nǹkan kan wà láàrin kí àti dì, ṣùùù kan tó wọ́ bí ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Kí-ṣùù-dì, kí-ṣùù-dì.

Ó ní, "Ariwo wọ̀ ọ́."

Tíṣà ní, "Látinú kí ni?"

"Mọ́tò kásẹ́ẹ̀tì ni, àbí kó jẹ́ maíkì. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Títí ń di bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ariwo yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́ o. Èmi náà máa ń gbọ́ ọ tí mo bá fi etí lé píló."

Julius kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Etí ẹ ló ń dún. Jẹ́ n gbájú mọ́ṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n," ni Títí wí, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀pà rẹ̀ padà.

Ẹ má rò pé Julius kò wádìí. Ó wádìí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù títí dòní. Ó tún ohùn Tíṣà gbọ́, kò sí ṣùù níbẹ̀. Ó gba tara rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ṣùù níbẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló lẹ́bi. Ṣùgbọ́n onírédíò ni Julius, ó sì mọ bí ariwo ṣe ń ṣe: ohùn tó bá wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í gbé ariwo dání, èyí tó bá lágbára ló máa ń mú kí maíkì gbọ̀n. Ohùn Títí ló lágbára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí náà òun ló máa mú ariwo wá. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ó dùn létí, Tíṣà sì mi orí sí i. Kò wá sí ọkàn ẹnì kankan nínú wọn pé ara ènìyàn lè ní ṣììì tirẹ̀.

Kọ́ńdẹ́ńsà kan ló fi tán an. Ohun pẹ́ńpẹ́ tí kò ju èkúrọ́ lọ ni, tí wọ́n bá jó o mọ́ ibi tí ohùn ń gbà lọ sí spíkà, á gbé àwọn ohùn tó tinrín mì, á fi èyí tó wúwo sílẹ̀. Julius jó òjé sí i lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó tan ẹ̀rọ. Kí-dì, kí-dì. Ó mọ́ tónítóní. Ó so ìdí téèpù mọ́ orí rẹ̀ kó lè máa yí po fúnra rẹ̀ láìdúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ wà níbi tó so ó sí, ohùn á sinmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tíṣà gbá a mọ́ra.

Títí ni wọ́n ní kó máa ṣàlàyé fún àwọn tó bá wá síbi ìpàtẹ ní Ìkẹjà, torí ẹnu rẹ̀ tó mú. Ó wọ yúnífọ́ọ̀mù tó fi áyọ́ọ̀nù lọ dáadáa, ó di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú, ó ń fi tọ́ka: ibí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wọlé, ibí ló ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ilẹ̀kùn kan nìyí tó máa ń pa dé kó má baà padà sẹ́yìn. Gílóòbù ń tàn tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ́ tìì. Julius dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó rà fún ọjọ́ náà, ó ń wo àbúrò rẹ̀, ó ń rántí ìyá wọn.

Dókítà arúgbó kan wà lára àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Ó wá síwájú ọkàn igi náà, ó tẹ̀ ba, ó di ojú, ó sì gbé etí lé e bí ẹni tó ń gbọ́ ti aláìsàn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ohùn yìí mọ́. Ọkàn ta ni?"

Títí ní, "Tèmi ni, sà."

"Ọkàn tó yè kooro ni. Máa tọ́jú ẹ̀." Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá sídìí tábìlì tó kàn.

Ipò kìíní ni wọ́n ṣe. Iléèwé gbé ọkàn igi náà sínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Tíṣà Báyọ̀dé sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ọyẹ́ ọdún náà ni Títí bẹ̀rẹ̀ sí wú lẹ́sẹ̀. Bàtà iléèwé rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, Julius rò pé ó ń dàgbà ni. Ó ń wúkọ́, Julius ní eruku ọyẹ́ ni. Oníkẹ́míìsì fún un ní oògùn ibà, ó lò ó tán, wọ́n tún ra òmíràn. Àwọn àgbà ìjọ wá gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé ó ń jókòó sùn pẹ̀lú píló mẹ́ta lẹ́yìn, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ńṣe ló ń dà bíi pé omi ń bò mí mọ́lẹ̀," ẹ̀rù ba Julius. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọdé, ó gbé e wọ ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wọ́n. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé Títí láyà, kò sì tíì pẹ́ rárá tó fi fajú ro. Julius béèrè ohun tó ń ṣe é. Dókítà náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí òjé ti jó lámì, ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì ní, "Ẹ wá gbọ́ ọ fúnra yín, á yé yín." Ó ki ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́ létí méjèèjì.

Kí-ṣùù-dì. Kí-ṣùù-dì.

Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí maíkì, kò sí iná. Rọ́bà lásán ni, pẹ̀lú àyà àbúrò rẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Julius di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

Dókítà náà ń ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn tó yẹ kó máa pa dé. Tirẹ̀ ò pa dé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú ń padà sẹ́yìn, òun ló ń dún ṣùù yẹn. Ṣé orúnkún wú u rí ní kékeré?"

"Ó wú, mà."

"Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà lára ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Tá a bá ti tètè mọ̀, abẹ́rẹ́ wà tá a máa ń fún wọn lóṣooṣù, kì í jẹ́ kó burú tó báyìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé e dàgbà." Ó yọ ẹ̀rọ náà létí Julius. "Àbí kò sẹ́ni tó gbé etí lé e láyà rí ni?"

Julius ní, "A gbé etí lé e, mà."

Ó rántí dókítà arúgbó tó tẹ̀ ba ní Ìkẹjà tó di ojú. Etí tó mọ̀ ọ́n ló wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó gbé etí náà síbi tó yẹ, ó sì ní sùúrù. Ọwọ́ rẹ̀ kan Títí léjìká. Kọ́ńdẹ́ńsà tí kò ju èkúrọ́ lọ ló wà láàrin dókítà náà àti àìsàn náà, Julius ló sì jó o mọ́ ibẹ̀, tó tún rẹ́rìn-ín sí i.

Wọ́n dá Títí dúró síbẹ̀. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó tún wúwo padà. Lọ́jọ́ kan tí ó lè sọ̀rọ̀, ó pe Julius sún mọ́ra.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ẹ ti gbọ́ ariwo mi."

"Mo gbọ́ ọ."

"Mo ṣáà sọ fún yín." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ní èémí tó máa fi rín in. "Tíṣà ló ń jọ mí lójú. Ó ní ọkàn akọni. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kó mọ̀ o, á dùn ún."

Julius ní òun kò ní sọ. Ó dì í lọ́wọ́ mú. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Títí ti béèrè ọsàn, ó ní ẹnu òun korò. Julius sáré jáde lọ ra ọsàn lẹ́nu géètì, ó yan èyí tó pọ́n dáadáa, ó sì ní kí wọ́n bó o. Nígbà tó padà dé, àwọn nọ́ọ̀sì ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ó dúró níta aṣọ náà pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Wọ́n sin ín. Julius ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Àwọn tó fi rédíò sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀ rẹ̀, wọn kò béèrè. Ìlérí tó ṣe fún Títí kò ṣeé mú ṣẹ, torí Tíṣà Báyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló wá béèrè irú àìsàn tó pa á, tíṣà bàọ́lọ́jì sì ni, ẹnìkan kò lè fi ibà tàn án. Julius sọ fún un. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí, ó ń ṣí ìwé rẹ̀, ó ń pa á dé. Àìsàn náà wà nínú ìwé yẹn. Orí kan ṣoṣo ló fi jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kà. Ó dìde lọ láìdágbére. Matilda ní tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, ó sunkún, ó sọ̀rọ̀ nípa àmì ṣọ́ọ̀kì tó gbọ̀n dànù. Ó ní ọkàn tó bá ti ń ṣiṣẹ́ jù máa ń tóbi, á ṣí kúrò lójú ibi tó wà, Tíṣà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún òun. Julius tù ú nínú. Òun náà kò mọ ẹni tó máa tu òun nínú.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, àwọn méjèèjì gbé ọkàn igi náà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Iléèwé fẹ́ ṣe ìrántí Títí, wọ́n fẹ́ kí ó máa dún níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́. Julius kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Tíṣà ní, "Julius, mo bẹ̀ ọ́." Kò pè é ní Injiníà.

Ó ṣí i lẹ́yìn. Okùn rọ́bà inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ló ti dẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tan án. Kí-dì, kí-dì. Ó mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tó ṣe é. Matilda fi ìborùn nu ojú. Ṣùgbọ́n inú bí Julius. Kì í ṣe Títí nìyí. Ohun tí àwọn mẹ́ta ṣe fúnra wọn nìyí, tí wọ́n wá gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lé lórí. Ó pa á, ó ki irin ìjójé bọ iná.

Tíṣà ní, "Kí lo tún fẹ́ ṣe sí i?"

"Mo fẹ́ yọ ohun tí mo fi sí i."

Irin náà gbóná. Ó fi kan ẹsẹ̀ kọ́ńdẹ́ńsà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òjé yọ́, ó fi ẹnu pílẹ́àsì fà á jáde, ó jù ú sílẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ padà.

Kí-ṣùù-dì. Kí-ṣùù-dì. Kí-ṣùù-dì.

Tíṣà Báyọ̀dé bo ojú. Ó ti kà á nínú ìwé, ó ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ọ lọ́nà tí a fi ń gbọ́ ohun tó jẹ́ ti ẹni. Ohùn náà ń kún ṣọ́ọ̀bù bó ṣe kún un lọ́jọ́ tí Títí jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, Àjíṣafẹ́ wo ojú wọn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì pa ẹ̀rọ ìlọta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Téèpù náà yí dé ibi tí Julius so ó sí, ibi tó máa ń dákẹ́ díẹ̀. Kò dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Èémí kan jáde níbẹ̀, ó gùn, ó rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ti ní kó dá èémí dúró tí wọ́n wá ní ó ti tó. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkàn tún bẹ̀rẹ̀.

Julius kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kọ́ńdẹ́ńsà tó gbé ṣùù mì ti gbé èémí náà mì pẹ̀lú rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti wà nínú igi yìí, ní Ìkẹjà, nínú gíláàsì, tí Títí ń mí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé etí lé igi náà, ó ń dúró kí téèpù tún yí dé ibẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Tíṣà tó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. "Julius, ṣé ká máa gbé e lọ?"

"Ẹ jẹ́ kó tún mí lẹ́ẹ̀kan sí i."